Much tàbí many: báwo lẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ yín?

Màmá Ìbejì, Leeds
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Asáínmẹ́ǹtì àwọn ọmọ ló gbé mi dé. Year 3 ni wọ́n wà. Tíṣà fún wọn ní bébà kan pé kí wọ́n fi much, many, little àti few dí àwọn àlàfo inú rẹ̀. Táíwò kọ "much biscuits", Kẹ́hìndé kọ "many homeworks". Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ohun tí tíṣà kọ sísàlẹ̀: ó ní bóyá ká dín Yorùbá tí à ń sọ nílé kù, pé ó lè jẹ́ òun ló ń da Gẹ̀ẹ́sì wọn rú. Bàbá wọn ti fẹ́ gbà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tọ́mọ yín ti kọjá ibẹ̀, ọgbọ́n wo lẹ dá sí i?

Àǹtí Tíṣà, Houston
Màmá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má dín Yorùbá kankan kù o. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe níbí, àwọn ọmọ tí òbí wọn ò gbọ́ èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì náà ń kọ "much biscuits" nígbà tí wọ́n bá ṣì kéré. Òótọ́ ni pé "púpọ̀" la fi ń sọ omi púpọ̀, òun náà la fi ń sọ ọmọ púpọ̀. Nítorí náà, ẹ má retí pé wọ́n á ṣàdédé mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ fi hàn wọ́n ni. Àbí wọn ò kọ́ wa ní ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà àti aláìṣeékà nínú gírámà Yorùbá ni?

Ẹ má fi much àti many bẹ̀rẹ̀. Inú kíṣìn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó ẹyin, àlùbọ́sà, ìrẹsì, iyọ̀ àti òróró sórí tábìlì, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n pín in sọ́nà méjì: èyí tá a lè kà ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta, àti èyí tá a ń wọ̀n tàbí tá a ń bù. Ẹyin ò ní wàhálà, òróró náà ò ní. Orí ìrẹsì ni ìjà ti máa bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tó bá gbọ́n á ní òun lè kà á. Ẹ ní kó kà á! Tó bá rẹ̀ ẹ́, ẹ sọ fún un pé bó ṣe rẹ Òyìnbó náà nìyẹn tó fi kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ pè ní much rice. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà yàtọ̀ o, many beans ni. Kóńgò kan náà la fi ń wọn méjèèjì lọ́jà, àmọ́ wọ́n fi "s" sídìí beans, wọn ò fi sídìí rice. Mi ò ní àlàyé kankan tí ọmọ Year 3 á gbà lórí ìyẹn, kó há a sórí ni.

Tí ìyẹn bá ti mọ́ wọn lára, ẹ wá mú ife. Ìrẹsì ò ṣeé kà, ife ṣeé kà. How much rice? How many cups of rice? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn ìrẹsì alẹ́ fúnra wọn, kẹ́ ẹ sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè méjèèjì. Búrẹ́dì náà nìyẹn: much bread, ṣùgbọ́n many slices.

Bàbá Bọ́lá, Dublin
Àǹtí, ẹ ṣeun. Owó ló dá wa dúró nílé tiwa. Ọmọ ní, "Daddy, ṣebí ẹ̀ ń ka owó, kí ló dé tí kì í ṣe many money?" Mi ò rí nǹkan sọ.

Àǹtí Tíṣà, Houston
Ẹ kó ṣéńjì lé e lọ́wọ́, kẹ́ ẹ ní kó kà á sókè. Á ní "one euro, two euros". Kò ní sọ "one money, two moneys". Yúrò ló ń kà. Many euros, much money.

Àbúrò Ìbàdàn, Toronto
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àwa òbí ló ń kó èyí tó pọ̀ jù ran àwọn ọmọ. Furnitures, luggages, informations, equipments, an advice. Gẹ̀ẹ́sì tá a gbé wá láti ilé ni, tọ́mọdé tàgbà ló sì yé ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n tíṣà níbí á fa bírò pupa sí i. Homework Kẹ́hìndé wà nínú agbo yẹn. A kọ wọ́n sí bébà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì. Ẹni tó bá fi "s" sí ọ̀kan nínú wọn, títí kan èmi, òun ni á fọ abọ́ alẹ́. Ẹ ò mọ bí ọmọ ṣe lè ṣọ́ ẹnu òbí ẹ̀ tó nígbà tí abọ́ bá wà nílẹ̀!

Ìyá Àgbà, London
Ẹ fi "hairs" kún un. Ọmọ-ọmọ mi sọ fáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pé "my hairs are paining me" lẹ́yìn tá a dìrí fún un, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Hair ni gbogbo irun orí, bó ti wù kó kún tó. Ẹyọ kan tó bọ́ sínú ọbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní a hair.

Màmá Ìbejì, Leeds
Ẹ ṣeun gan-an, Màmá. Bàbá wọn ti ka gbogbo ẹ̀, ó ní òun ti gbọ́, Yorùbá ń bá a lọ. Few àti little ló kù. Kí ló dé tí wọ́n ń fi "a" síwájú wọn nígbà míì?

Àǹtí Tíṣà, Houston
Ẹ má fojú kékeré wo "a" yẹn o. "I have a few friends": ọmọ náà ní ọ̀rẹ́ bíi mélòó kan, ara ẹ̀ balẹ̀. "I have few friends": kò rí ọ̀rẹ́ tó, ó ń ráhùn. Tí tíṣà bá rí èkejì nínú ìwé ọmọ yín, ó lè pè yín pé ṣé kò sí nǹkan. Bákan náà, "a little water" ṣì ń bẹ nílẹ̀ tẹ́ ẹ lè mu. "Little water", ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Few fún aṣeékà, little fún aláìṣeékà. Tó bá rú wọn lójú nínú àròkọ, kí wọ́n lo "a lot of" tàbí "some", méjèèjì ló ń gbà.

Bàbá Bọ́lá, Dublin
Less àti fewer ń kọ́? Òyìnbó fúnra wọn ò tíì bára wọn parí ìyẹn. Ní 2008, Tesco yí pátákó ibi tí wọ́n ti ń sanwó ọjà kéékèèké padà ní Bírítéènì. Dípò "10 items or less" táwọn onígírámà ń bínú sí, wọ́n kọ "Up to 10 items". Wọ́n dọ́gbọ́n yẹra fún ìjà.

Àǹtí Tíṣà, Houston
Fewer biscuits, less sugar. Òyìnbó tó ń sọ "less people" lẹ́nu pọ̀ jọjọ, ṣùgbọ́n "fewer people" ni kí ọmọ kọ nínú ìdánwò.

Àbúrò Ìbàdàn, Toronto
Ó dáa, dòdò ń kọ́?

Àǹtí Tíṣà, Houston
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lódidi, how many plantains. Tẹ́ ẹ bá ti gé e, tẹ́ ẹ dín in, tó ti wà nínú àwo, how much plantain. Adìyẹ tó ń jẹ̀ nínú ọgbà, many chickens. Èyí tó ti wọnú ọbẹ̀, much chicken.

Màmá Ìbejì, Leeds
Kẹ́hìndé ní kí n bi yín: kí ló dé tí obìnrin tó wà níwájú wa lórí ìlà fi sọ "two coffees"?

Àǹtí Tíṣà, Houston
Ẹ bi í pé tẹ́ ẹ bá wà ní gáréèjì Ojota, tẹ́ ẹ ní "pure water méjì", ṣé omi lẹ kà ni àbí ọ̀rá?