Àbúrò mi kọ iṣẹ́ nítorí físíìsì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aláṣọ Gbági: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọkàn mi ò balẹ̀. Látìgbà tí bàbá wa ti kú lèmi ti ń tọ́ àbúrò mi. Owó àǹkárá tí mò ń tà ní Gbági ló fi kàwé tó fi gba fáàsì kíláàsì. Iléeṣẹ́ epo kan fún un níṣẹ́, ó lóun ò ṣe, físíìsì onítíọ́rì, èyí tí wọ́n ń fi ìṣirò ṣe, lòun fẹ́ lọ kà sí i n'Ítálì. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí láàbù! Ẹ̀yìn rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù mi ló fi ń ṣírò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ ọ́ kún ewé 11, ó ní àmì ìyọkúrò kan lòun ṣì kọ lójú ewé kẹta, ló bá fa igi lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Inú ẹ̀ ń dùn! Àwọn aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù ti ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?

Màmá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ta ló máa sanwó? Ìlú wo ní Ítálì?

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Kó gba iṣẹ́ epo jàre. Èmi náà fẹ́ràn ìṣirò nígbà kan, ọmọ mẹ́ta ni mò ń bọ́ báyìí. Ìwé ò ní sá lọ.

Aláṣọ Gbági: Ọmọ Ìsẹ́yìn, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ mi yé yín.

Olùkọ́ Físíìsì: Mà, ọdún 19 ni mo ti ń kọ́ni ní físíìsì. Bó bá jẹ́ Trieste, ICTP nìyẹn, ibùdó ìwádìí físíìsì àgbáyé. Abdus Salam, onímọ̀ físíìsì ọmọ Pakistan, ló dá a sílẹ̀ ní 1964. Òun náà padà sílé láti Cambridge ní 1951, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Lahore, ṣùgbọ́n kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé ló ń bójú tó! Ní 1954 ó tún kó lọ. Ó dùn ún dọ́kàn. Ìdí tó fi dá ibẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ bíi tiwa lè máa lọ kí wọ́n sì máa bọ̀ wálé. Ìwé àti bírò lòun náà fi ṣiṣẹ́ tó fi hàn pé agbára iná mànàmáná àti agbára tó ń sọ átọ̀mù kan di òmíràn, orísun kan náà ni wọ́n ti wá. Òun, Glashow àti Weinberg ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì ní 1979.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Sà, ṣé Nobel lọmọ ó jẹ? Ẹ̀yin olùkọ́ tí owó oṣù yín ń pẹ́!

Olùkọ́ Físíìsì: Ó ń pẹ́ lóòótọ́. Iṣẹ́ náà ò sú mi rí.

Màmá Ìbejì: Ẹ má jà. Mà, ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Aláṣọ Gbági: Trieste ni. Ọdún kan. Àwọn ló máa san gbogbo ẹ̀, wọ́n á tún fún un lówó oúnjẹ. Kì í ṣe owó ló ń dà mí láàmú. Bàbá wa ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lòun máa lò ní Cotonou, òkú ẹ̀ la gbé wálé. Àwa méjì la kù. Páṣípọ́ọ̀tù ẹ̀ wà nínú àpótí ṣọ́ọ̀bù mi, lábẹ́ àdìrẹ. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń wá a, ó rò pé òun ló sọ ọ́ nù.

Màmá Ìbejì: Áà! Ọjọ́ wo ni wọ́n pè é fún físà?

Aláṣọ Gbági: Ọjọ́bọ̀, l'Ékòó.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Mà, ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀! Èmi tí mo ní kó gba iṣẹ́ ni mò ń bẹ̀ yín, ẹ gbé e fún un lálẹ́ yìí.

Olùkọ́ Físíìsì: Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un pẹ̀lú. Ṣé ẹ ti bá a sọ̀rọ̀ Cotonou yẹn rí?

Aláṣọ Gbági: Rárá. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà yẹn. Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, mò ń wá ọ̀kadà.