Kí Age of Empires IV tó jáde ní 28 October 2021: ṣé laptop mi á gbé e?

Ọmọ Táńkẹ̀

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín gbá Age of Empires IV, géèmù orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti ń kọ́ ìlú, tó sì ń kó ọmọ ogun jọ jagun, nígbà tí wọ́n ṣí i kí gbogbo ayé fi dán an wò láti 17 sí 20 September 2021 tó kọjá yìí. Èmi ò ráyè, ìdánwò ló gbà mí lọ́kàn, dátà sì ti tán lọ́wọ́ mi. Laptop tòkunbọ̀ ni mo ní: ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Core i5-6300U, ìrántí rẹ̀ (RAM) jẹ́ 8GB, kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀. 59.99 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní 2021 yìí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Èkó ní òun lè bá mi san án báyìí. Ṣé kí n gbà, àbí kí n ní sùúrù? Báwo tiẹ̀ ni géèmù ọ̀hún ṣe rí lójú yín?

Ẹlẹ́ṣin Gáà-Akànbí

Àbúrò, laptop rẹ yẹn gan-an ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó kéré jù tó lè gbé e: i5-6300U, RAM 8GB, àti àyè 50GB lórí dísìkì. Irú rẹ̀ lèmi náà fi ń tẹ̀wé fún àwọn ọmọ iléèwé ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ohun tójú mi rí ni màá sọ.

Alẹ́ Jímọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wálẹ̀ nílé. Aago mẹ́wàá, wọ́n mú iná lọ. Mo tan jẹnẹ́. Ìyá àwọn ọmọ ní ṣé ìwé ìpè ìgbéyàwó ta ni mo fẹ́ tẹ̀ lóru báyìí. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ó ti wọlé tán.

Nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí géèmù náà ní kéèyàn yàn, mo mú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú ni bí ilé ṣe ń dìde. Àwọn òṣìṣẹ́ bí òjìji funfun á máa sáré gun àkàbà, wọ́n á máa to òkúta léra, títí ilé á fi parí. Mo pe ọmọbìnrin mi kó wá wò ó, la bá gbàgbé pé ogun là ń jà. Ibẹ̀ la wà táwọn ẹlẹ́ṣin kọ̀ǹpútà fi já wọ oko mi. Nínú Age of Empires II, ẹ̀gbọ́n géèmù yìí tí mo ti ń gbá láti ayé káfè ní Post Office, ṣe ni mo máa ń kó àgbẹ̀ sá wọlé. Àwọn tibí ò sá o. Àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọrun lọ́wọ́! Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n ta ẹlẹ́ṣin kan lulẹ̀. Mo pariwo débi pé aládùúgbò kanlẹ̀kùn.

Ayọ̀ yẹn ò pẹ́. Nígbà táwọn ọmọ ogun mi ń lọ sí bí ọgọ́rin, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ọ̀kadà tí epo rẹ̀ lómi. Bẹ́ẹ̀, igba èèyàn ni géèmù náà gbà kéèyàn kó jọ. Mo rẹ àwòrán sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó wá ṣeé gbá díẹ̀. Ẹ rántí pé èyí kì í ṣe ayò ọlọ́pọ́n, tí o máa dúró kí ẹnìkejì ta tán. Bí ẹ̀rọ rẹ bá ń rò ó, ọ̀tá ò bá ọ rò ó.

Àmọ́ Delhi, orílẹ̀-èdè mìíràn nínú géèmù náà, lọkàn mi wà. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fi wọ́n hàn ní April, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìwádìí tí wọ́n fi ń fi kún agbára wọn, kò ná wọn ní kọ́bọ̀, ó kàn máa ń falẹ̀ ni. Bí o bá fẹ́ kó yá, kó àwọn àfáà jókòó sí mọ́ṣáláṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo nìyẹn jọ bí kì í bá ṣe Ìlọrin? Erin ogun tiwọn nìkan la ò ní. Ẹṣin leégún ilé tiwa.

Má sanwó sílẹ̀.

Ọmọ Ọlọ́fà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin ná. Ẹ̀rọ tèmi gbé e dáadáa, síbẹ̀ inú bí mi. Láti 2005 tí Age of Empires III ti jáde la ti ń retí, ni wọ́n bá gbé ohun tó jọ géèmù fóònù wá. Gbogbo àwọ̀ ń tàn yòò bí ankara tuntun. Kámẹ́rà tí a fi ń wo pápá sún mọ́lẹ̀ jù: mò ń wo oko, ọ̀tá ti wà lẹ́yìnkùlé.

Àwọn Mongol, orílẹ̀-èdè mìíràn nínú rẹ̀, nìkan ló tù mí nínú. Wọ́n máa ń ká ilé wọn rù, wọ́n á gbé e lọ síbòmíì. Bí Ìlọrin bá tún wá dó ti Ọ̀fà, ṣe la máa ká ìlú kúrò níbẹ̀ 😂

Ẹlẹ́ṣin Gáà-Akànbí

Ọmọ Ìyẹ̀rú Òkín, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán nínú yín! Ti kámẹ́rà, òótọ́ lẹ sọ. Ti àwọ̀ ni mi ò gbà. Lórí ẹ̀rọ tí kò lágbára, àwọ̀ tó ń tàn yòò yẹn ni mo fi ń dá tèmi mọ̀ yàtọ̀ sí tọ̀tá nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá dàrú.

Ọmọ Táńkẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n Èkó ṣì mú owó dání. Ṣé tí mo bá fi kún RAM, wíwọ́ yẹn á dín kù?

Ẹlẹ́ṣin Gáà-Akànbí

Tú ìdí laptop wò. Tí 8GB yẹn bá jẹ́ igi RAM kan ṣoṣo, fi èkejì sí i. Inú RAM yẹn kan náà ni àwòrán ẹ̀rọ wa ti ń jẹun, igi méjì á sì jẹ́ kó rọ́nà méjì gbà. Kò ní sọ ọ́ di ẹṣin o, àmọ́ wàá rí ìyàtọ̀. Mo ní igi kan nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé ká fi dán an wò kó o tó ra tìẹ. Mú ṣájà rẹ dání, tèmi ti já.