Ìlú fàdákà tó di ìlú yìnyín: bí èmi àti bàbá mi ṣe lọ sí Park City

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ìrírí tiyín nípa ìrìn àjò láti àná, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Àwọn ọmọ mi ló ń yọ wá lẹ́nu pé àwọn fẹ́ lọ ṣe síkì, ìyẹn kéèyàn máa yọ̀ lórí yìnyín, la bá gbéra lọ sí Park City ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà, ìlú tí wọ́n ti ń wa fàdákà láyé àtijọ́. Bàbá mi tó wá kí wa láti Iléṣà bá wa lọ. Ìlú náà ò jìnnà sí Salt Lake City, ṣùgbọ́n òkè là ń gùn ṣáá títí a fi débẹ̀. Ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7,000 ga ju òkun lọ. Gíga yẹn mú kí orí fọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń lọ, ẹ máa mu omi dáadáa, ẹ má sì ṣe wàhálà kankan lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ tẹ̀ lé olùkọ́ wọn lọ sórí yìnyín. Èmi àti Bàbá rìn lọ sí Main Street. Iná jó ibẹ̀ ní oṣù Kẹfà 1898, nǹkan bí ilé 200 ló lọ sí i, wọ́n sì tún un kọ́. A yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Ẹ̀wọ̀n àtijọ́ wà lábẹ́ ilé ọ̀hún, ògiri olókùúta, ó há, ó sì tutù.

Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé nígbà tí òwò fàdákà dẹnu kọlẹ̀, tí ìlú ń di ahoro, ilé iṣẹ́ ìwakùsà fúnra rẹ̀ ló dá ibi síkì sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1963. Nígbà kan, ọkọ̀ ojú irin àwọn awakùsà ni wọ́n fi ń gbé àwọn olùṣesíkì wọ abẹ́ òkè, ó tó nǹkan bíi máìlì 3. Lẹ́yìn náà, lífítì àwọn awakùsà á wá gbé wọn sókè, wọ́n á sì yọ sórí yìnyín. Omi á ti kán sí wọn lára nínú ihò náà.

Inú Bàbá ń dùn sí ìtàn yìí, àfi ìgbà tá a dé ibi tí wọ́n kọ ti ọdún 1902 sí. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, ẹ̀tù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilẹ̀ bú gbàmù ní ibi ìwakùsà Daly-West. Èéfín olóró ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú. Ó gba inú ihò débi ìwakùsà Ontario tó múlé tì í, ó bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tiwọn lọ́hùn-ún. Ọkùnrin 34 ló kú. Bàbá ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fóun lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó fi lé àyà.

“Àpèkẹ́,” ó ní, “ọ̀rẹ́ mi kan nílé ìwé, ihò góòlù ló wó lù ú lọ́nà Ìtagunmodi. Ìyá rẹ̀ ò yé lọ síbi ihò yẹn.”

Láti kékeré mi, n ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ mi àgbà ní òun rí ilé pákó ńlá kan tó ti gbó lẹ́bàá ibi táwọn ti ń yọ̀, ó bi wá pé ta ló ń gbébẹ̀. Bàbá pè é jókòó, ó ní ilé iṣẹ́ àwọn awakùsà àtijọ́ ni, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn awakùsà fún un pẹ̀lú sùúrù, títí kan bí omi ṣe máa ń yọ wọ́n lẹ́nu lábẹ́ ilẹ̀. Mo wá fi kún un pé inú ihò àtijọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n ti ń fa lára omi tí ìlú náà ń mu, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sẹ́ ẹ.

Bàbá wo kọ́ọ̀pù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, ó ní kí n bu òmíràn wá.