Omi tó gba tòmátì mi là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló pa á nígbà òjò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Púpọ̀ nínú àwọn tó kú mọ́ mi lọ́wọ́, ìtọ́jú tí mo ṣe fún wọn ló pa wọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ tèmi, kí ẹlòmíràn má baà tún gba ibẹ̀ kọjá.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo bẹ̀rẹ̀. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tí etí wọn ti ya ni mo gbin tòmátì sí, mo dá ihò sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ilẹ̀ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń tètè gbẹ, torí oòrùn ń ta á lórí, ó tún ń ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń bomi rin wọ́n. Wọ́n dàgbà, wọ́n yọ òdòdó. Òdòdó náà wá ń rẹ̀ sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣà wọ́n nílẹ̀, mi ò sì rí èso kan ṣoṣo. Mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n, ni mo bá ń fi omi kún omi.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ooru ni. Bí ìgbóná ọ̀sán bá ti lé ní ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí òru náà kò sì tutù, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tòmátì kì í ṣiṣẹ́ mọ́, òdòdó á sì rẹ̀ dànù kó tó di èso. Kò sí iye omi tó lè wo ìyẹn. Ìbòji ló gbà mí. Mo ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ kan sókè orí wọn láti ọ̀sán gangan títí oòrùn fi máa rọ̀, mo sì kó koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀, mo yọ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀ lára igi kí ó má baà jẹrà. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, mo rí èso.

Ayọ̀ yẹn ò tọ́jọ́. Ìsàlẹ̀ èso wọn dúdú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó gbẹ bí awọ. Mo sáré fín oògùn kòkòrò sí wọn, owó àti agbára tí mo fi ṣòfò nìyẹn, torí kì í ṣe àìsàn tó ń ràn, kòkòrò kankan ò sì sí níbẹ̀. Èròjà calcium ni kò dé ìsàlẹ̀ èso. Omi ló ń gbé calcium gba inú igi lọ, bí ilẹ̀ bá sì gbẹ táútáú lónìí tó tún rin gbindin lọ́la, kì í lè gbé e débẹ̀ déédéé, bó tiẹ̀ pọ̀ nínú ilẹ̀ bí nǹkan míì. Ọjọ́ tí mo bá rántí, màá da omi púpọ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá gbà mí lọ́kàn, wọ́n á sùn láìmu. Látìgbà tí mo ti ń fún wọn ní iye kan náà ní àkókò kan náà, àwọn èso tó yọ lẹ́yìn ìyẹn mọ́ tónítóní.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ara mi di ẹni tó mọ omi í bu. Òjò wá dé.

Mo gbin hóró tòmátì àti ata tuntun sínú àwo pẹlẹbẹ. Wọ́n hù, wọ́n gún régé, ó wù mí débi pé mo ń pe àwọn ará ilé wá wò wọ́n. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń bomi rin wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo débẹ̀, mo bá gbogbo wọn tí wọ́n sùn gbalaja. Ọrùn wọn, níbi tó ti kan ilẹ̀ gan-an, ti sún kì, ó tín-ín-rín bí òwú. Ewé wọn ṣì ń tutù yọ̀yọ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tó ń rin gbindin àti ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti ráyè fẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Èmi ni mo ṣe ibẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Èyí tó ṣẹ́ kù lára tòmátì ti àtijọ́, tí òjò ń pa, tí èmi náà tún ń bomi rin, ewé wọn pọ́n, gbòǹgbò wọn rà, wọ́n lọ.

Nísinsìnyí, ìka mi ni mo kọ́kọ́ máa ń tì bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì kí n tó fọwọ́ kan omi rárá. Bó bá tutù, mo ń bá tèmi lọ. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, inú ọpọ́n tí omi díẹ̀ wà ni mo máa ń gbé àwo wọn sí, kí ilẹ̀ fa omi látìsàlẹ̀, màá sì tètè gbé e kúrò. Mi ò fún hóró wọn pọ̀ sójú kan mọ́. Nígbà òjò, mo tún máa ń já ewé ìsàlẹ̀ tòmátì kúrò, torí òjò a máa ta ilẹ̀ sí i lára, ibẹ̀ sì ni àmì dúdúdúdú ti ń bẹ̀rẹ̀ tí yóò fi gun igi lọ sókè. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: bí ẹ bá rí ewé kan péré tó ní àmì náà, ẹ já a lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

*

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ti ọrùn tó tín-ín-rín yẹn, ó ti ṣe mí rí, mi ò sì mọ orúkọ tí mo lè pè é títí mo fi ka tiyín.

Ewédú ni tèmi. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni, ó ga dé ìgbáròkó mi, bí mo ṣe ń gé e ló ń rúwé padà. Mo tọ́jú hóró rẹ̀. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, mo tún gbin hóró kan náà sójú ilẹ̀ kan náà, mo ń bomi rin ín dáadáa. Kò tíì ga dé orúnkún tó fi yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, ó so, ó gbó. Ewé tó wà lára rẹ̀ ò tó nǹkan. Mo ní irúgbìn ti bàjẹ́. Mo lọ ra òmíràn, bákan náà ló ṣe. Mo bínú sí ẹni tó tà á fún mi, mo sì sọ̀rọ̀ sí i, ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn, torí kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ìyá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa ló là mí lójú. Ìyá ní, “Ọmọ mi, ojúmọ́ ló kúrú. Ewédú mọ̀.” Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni ìyá ń ṣe. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ewédú wà lára àwọn ewéko tó ń fi gígùn òru mọ ìgbà. Bí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ bá ti ń dín lọ sí nǹkan bíi wákàtí 12, ó ń sáré òdòdó nìyẹn, bí ilẹ̀ tiẹ̀ dára, bí omi tiẹ̀ pọ̀. Tẹ̀tẹ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ń tètè dàgbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tí mo bá gbìn ín ni mo ti ń kórè, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn mí.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé, nígbà tí ojúmọ́ bá gùn, mo ń gbin ewédú jìnnà síra, mo ń gé e, ó ń rú. Nígbà tí ojúmọ́ bá kúrú, mo ń fọ́n ọn ki, bó bá ti ga díẹ̀, màá fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó rántí òdòdó, màá sì tún fọ́n òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Èèpo hóró ewédú le, omi ò lè tètè wọ inú rẹ̀, òun ló fà á tí ọ̀pọ̀ ò fi ń hù. Mo máa ń di í sínú aṣọ, màá rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, màá ka ení, èjì dé ẹ̀wá, màá sì gbé e jáde kí n tó sá a. Kíkà yẹn ṣe pàtàkì. Ẹnìkan pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan bí mo ṣe rì í bọ omi, kí n tó padà dé, hóró ti jinná. Ìkan ò hù.

*

Kúkúrú ni tèmi. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù. Mo kó o láti inú ilé adìyẹ lọ́wọ́ kan, mo dà á sí ìdí ata, mo rò pé mo fún un lóúnjẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan etí ewé ti jó gbẹ. Ó lágbára jù fún wọn bó bá ṣì tutù. Báyìí, orí ààtàn ni mo máa ń pò ó mọ́ ewé gbígbẹ, màá máa yí i lóòrèkóòrè, títí tí yóò fi dúdú, tí yóò fi máa rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, kì í tún rùn bí ìgbẹ́ mọ́. Ó ń gba oṣù mélòó kan. Mo fara mọ́ ọn. Mi ò sì ń dà á sílẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, torí àgbàrá ló máa kó o lọ.

*

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà mi. Ibi tí èmi ń gbé, òtútù ló ń lé wa wọlé, kì í ṣe òjò. Nǹkan bí oṣù márùn-ún péré ni tòmátì lè fi dúró níta. Òru kan ṣoṣo tí yìnyín bá bọ́ sórí ewé rẹ̀, ó di dúdú, ó wó, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́.

Nítorí náà inú ilé, lẹ́bàá fèrèsé, la ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ṣáájú ìgbà tí a bá retí pé yìnyín ìkẹyìn yóò bọ́. Ọdún àkọ́kọ́ tèmi, wọ́n ga fíofío, wọ́n tẹ̀ sí apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ọjọ́ tí oòrùn kọ́kọ́ yọ dáadáa, inú mi dùn, mo gbé gbogbo wọn jáde láàárọ̀, mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé, ewé wọn ti funfun bí ìwé. Oòrùn tí wọ́n nílò náà ló jó wọn, torí wọn ò rí irú rẹ̀ rí láyé wọn. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín.

Báyìí, ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni mo fi ń kọ́ wọn ní ìta: wákàtí kan lábẹ́ ìbòji lónìí, méjì lọ́la, kí wọ́n tó rí oòrùn gangan, kí wọ́n tó sun ìta mọ́jú. Àwọn tó ga fíofío, mi ò jù wọ́n nù. Mo ń rì igi wọn mọ́lẹ̀ jìn, ó ku ewé òkè díẹ̀, torí ara igi tòmátì tó bá wà lábẹ́ ilẹ̀ máa ń ta gbòǹgbò.

Ẹ̀yin tí ẹ sọ̀rọ̀ ewédú, ẹ ti tú mi sílẹ̀. Ojúmọ́ wa nígbà ooru lè gùn dé wákàtí 16. Mo gbin ewédú lọ́dún tó kọjá, ewé rẹ̀ pọ̀, mi ò rí òdòdó kankan títí ooru fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àfi bó ṣe yọ òdòdó lójijì nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tètè ṣú. Mo rò pé mo ṣì í tọ́jú ni.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Elégédé mi ń yọ òdòdó lójoojúmọ́ láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀. Ó máa ń yọ ọmọ kékeré bí ìlẹ̀kẹ̀, yóò pọ́n, yóò já. Mo ti dín omi kù gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Kí ni kí n tún ṣe?

*

Àbúrò mi, omi kọ́ ni tìrẹ yìí. Wò ó dáadáa, oríṣi òdòdó méjì ló wà lára rẹ̀. Èyí tó dúró lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni akọ. Èyí tó ní elégédé kékeré ní ìdí ni abo. Oyin ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ lọ bá abo, oyin kì í sì í fò nínú òjò. Abo tí lẹ́búlẹ́bú ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á pọ́n, á já.

Jí ní kùtùkùtù, torí òwúrọ̀ ni wọ́n ń là, kí ọ̀sán tó pọ́n wọ́n ti padé. Já akọ kan, ya ewé òdòdó rẹ̀ kúrò, kí o sì fi àárín rẹ̀ pa àárín abo jẹ́jẹ́. Bí òjò bá ṣú, fi ewé bo abo náà lórí. Fi òwú so ìdí èyí tí o bá ṣe, kí o lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ karùn-ún rèé. Méjì tí mi ò fọwọ́ kàn ti pọ́n, wọ́n ti já. Èyí tó ní òwú nídìí ti tó ìkúùkù ọmọdé, ó tutù, ó ń dán. Mo ti jí láago mẹ́fà òní, mo ti ṣe mẹ́ta míì.