Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: oògùn pyridostigmine tí màmá mi ń lò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti sọ pé myasthenia gravis, àìsàn tó ń mú kí iṣan ara máa rọ, ló ń ṣe màmá mi. Ìpéǹpéjú wọn kì í dúró lókè, ṣe ló ń wálẹ̀, wọn ò sì lè jẹ ẹran lálẹ́. Pyridostigmine 60 mg ni wọ́n kọ fún wọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Wọ́n á lò ó, ojú á là. Tó bá di ọ̀sán, ó ti tán. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa lo méjì-méjì. Láti ìjẹta, wọ́n ń ṣu gbuuru, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, ẹran apá wọn ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, ó sì rẹ̀ wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé kí n tún fi kún un ni? Ẹ̀rù ń bà mí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Àbúrò mi, má fi kún un rárá! Ẹ gbé màmá lọ sílé ìwòsàn lónìí, ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání. Bí mímí bá ti ń nira, ẹ má dúró rárá.

Apòògùn: Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Acetylcholine ni ońṣẹ́ tó ń kan ilẹ̀kùn iṣan kí iṣan tó ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn yẹn ni nicotinic receptor. Cholinesterase ni agbálẹ̀ tó ń gbá ońṣẹ́ náà kúrò kíá. Nínú àìsàn yìí, ọmọ ogun ara fúnra rẹ̀ ló ń ba ilẹ̀kùn jẹ́. Pyridostigmine kì í tún ilẹ̀kùn kankan ṣe. Agbálẹ̀ ló ń dá dúró, kí ońṣẹ́ lè pẹ́ nídìí ìwọ̀nba ilẹ̀kùn tó kù. Tí ońṣẹ́ bá wá pọ̀ jù, tó ń kànkùn láìsinmi, ilẹ̀kùn ò ní dáhùn mọ́, iṣan á sì rọ. Itọ́ àti ìgbẹ́ yẹn, ońṣẹ́ kan náà ló ń kan ilẹ̀kùn irú mìíràn nínú ìfun àti níbi tí itọ́ ti ń sun. Physostigmine, ẹ̀gbọ́n oògùn yìí, inú ẹ̀wà esere ti Kálàbá ló ti wá, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn jẹ láyé àtijọ́. Òun náà ni Dókítà Mary Walker fún aláìsàn myasthenia ní Greenwich lọ́dún 1934, tí ara rẹ̀ fi le.

Olùbéèrè: Háà! Mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe lágbára tó.

Ẹni tó ń lò ó: Ọdún kẹfà mi nìyí. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ lára mi, nítorí náà dókítà ló tún àkókò rẹ̀ pín. Mo ń lò ó ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ, kí n lè rí ẹran jẹ. Ẹ bi dókítà yín bóyá ó bá ti màmá mu. Bí ibà bá sì ṣe wọ́n, ẹ kọ́kọ́ sọ àìsàn yìí fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú wọn: quinine, chloroquine àti gentamicin lè dá kún àárẹ̀ náà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. A ti wà lọ́nà ilé ìwòsàn, páálí oògùn náà wà lọ́wọ́ mi.