Ẹ jẹ́ ká fi "ìfúnpá" sílẹ̀, "àrokò ara" ni kí họ́mónù máa jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe stress ní "ìfúnpá" ká sì máa pe họ́mónù, ìyẹn ohun tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ibòmíì nínú ara, ní "omi àṣẹ", mo júbà yín sà, àmọ́ n ò fara mọ́ ọn rárá.

Ìfúnpá ti níṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ (blood pressure) ni, òun ni nọ́ọ̀sì ń wọ̀n lápá. Mo máa ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn àgbàlagbà ní kílíníkì, lọ́jọ́ kan mo sọ fún màmá kan pé dókítà ní ìfúnpá ló ń jẹ́ kí ṣúgà wọn máa lọ sókè, màmá bá na apá sí mi, wọ́n ti ń ká aṣọ sókè kí n lè so ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ìgbà tí mo wá ní "másùnmáwo ni wọ́n ń sọ mà", ni wọ́n mí kanlẹ̀, ni ọ̀rọ̀ ilé bá bẹ̀rẹ̀, ti ọmọ, ti owó ilé, ti àwọn àna. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, kí la tún ń wá kiri?

Ẹ tún wo inú ọ̀rọ̀ náà, másùnmáwo, "má sùn" wà níbẹ̀, àìsùn sì máa ń da họ́mónù rú. Ní 2004 wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Yunifásítì Chicago, ọ̀dọ́kùnrin 12 tára wọn le, alẹ́ méjì, wákàtí 4 péré lórí bẹ́ẹ̀dì lálaalẹ́, wọ́n fi wé ìgbà tí wọ́n ní wákàtí 10. Leptin, họ́mónù tí ọ̀rá ara máa ń fi sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ṣì wà nílẹ̀, fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, ghrelin, họ́mónù tó ń ti inú ikùn wá ké ebi, fi ìdá 28 gòkè. Nílùú London náà, nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 tí wọ́n ń tẹ̀ lé láti 1985, àwọn tí másùnmáwo ibi iṣẹ́ ò fi lọ́rùn sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ewu pé kí ikùn ńlá, ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru jọ ká wọn mọ́lẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù lọ.

Ó wá ku họ́mónù. Wọn kì í ṣe omi, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń bá rìn. Ẹni tó ní ká pe gbogbo wọn ní "purotéènì ìránṣẹ́" náà, ẹ jọ̀ọ́, leptin ni purotéènì, kọ́tísọ́ọ̀lù tí másùnmáwo ń tú jáde kì í ṣe purotéènì, ara kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lara ti ń ṣe é.

Àrokò ni tèmi. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú ayé àtijọ́ á fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin, ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ nìyẹn. Ẹlòmíì rí i, owó ẹyọ lásán ló rí. Bí leptin ṣe rí gan-an nìyẹn, gbogbo ara ló ń gbà kọjá, ibi tí wọ́n bá ti lè kà á nìkan ló ti ń jẹ́ iṣẹ́. Torí náà kí receptor, ìyẹn ibi tó ń gba họ́mónù lára sẹ́ẹ̀lì, máa jẹ́ "akàrokò". Ẹni tó sanra gan-an, leptin rẹ̀ pọ̀ lẹ́jẹ̀ àmọ́ ebi ò yé pa á, kí la fẹ́ sọ? Akàrokò ò ka àrokò sí mọ́! Ọmọ ọdún mẹ́wàá á gbọ́ ọ.

Fún metabolism, ìyẹn gbogbo bí ara ṣe ń lo oúnjẹ tó wọlé, "dídà oúnjẹ" ò tó, inú ìfun nìyẹn ti parí. Ara ń ná, ara ń tọ́jú pamọ́, kọ́tísọ́ọ̀lù lè ní kó tú iṣan ká kí ẹ̀dọ̀ fi ṣe ṣúgà. "Ìnáwó ara" ni mo ń lò báyìí, àmọ́ ìfipamọ́ ò sí nínú ẹ̀. Ta ló ní èyí tó gbé méjèèjì?