Ṣé kí n gbà kí àjọ ìlú bá wa parí ẹ̀sùn irun dídì yìí?

Ìyá Bronx:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Bronx níbí, ó ti lé ní ọdún mẹ́fà. Nínú oṣù kẹta mo dì ṣùkú nítorí ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi. Lálẹ́ Ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wa pè mí síbi tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, ó ní irun mi kò bójú mu, kí n lọ tú u kí n tó padà wá. Ó ṣí ìwé òfin ilé iṣẹ́, ó fi ìka lé ìlà tí wọ́n kọ ọ́ sí. Mi ò tú u. Alẹ́ mẹ́ta ni wọn ò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ sì lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí irun wọn gùn dé ẹ̀yìn, tí wọn ò dì í rárá, kò sẹ́ni tó bá wọn wí.

Mo gbé ẹ̀sùn lọ sí Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ìlú New York, torí láti oṣù kejì ọdún 2019 ni àjọ náà ti kéde pé kíka irun àwa aláwọ̀ dúdú léèwọ̀ níbi iṣẹ́, ìyàsọ́tọ̀ ni. Ní báyìí, wọ́n ń bi mí bóyá mo fẹ́ kí onílàjà wọn pe àwa méjèèjì jọ. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ó dìgbà tí tọ̀tún-tòsì bá gbà.

Ọkọ mi ní kí n gbà, ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Èmi ò wá ọ̀rẹ́ lọ síbẹ̀. Mo fẹ́ owó alẹ́ mẹ́ta mi, ṣùgbọ́n ìlà tó wà nínú ìwé yẹn ló ń dùn mí jù. Ọmọbìnrin Ghana kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti tú tirẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Bí a bá parí rẹ̀ nínú yàrá, ṣé ìlà yẹn ò ní wà níbẹ̀ títí?

Ará Flatbush:
Ẹ kú ìnira, mà. Mo ti gba ọ̀nà yẹn rí. Onílé kan gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní wọ́n ti gba ilé. Ọ̀rẹ́ mi òyìnbó pè é láàárín wákàtí kan, ilé ṣì wà. Yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi wá sí, onílàjà ń lọ ó ń bọ̀. Kì í ṣe adájọ́ o, kò ní sọ pé ẹ jàre. Bí kò bá sì wọ̀, ẹ̀sùn yín á padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwádìí, ẹ ò pàdánù ohunkóhun.

Àṣìṣe tèmi ni pé owó ni mo kọ́kọ́ dárúkọ. Wákàtí mẹ́ta la fi fa owó, ó ti rẹ̀ mí kí n tó rántí ohun tó gbé mi débẹ̀. Ìwé òfin yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ.

Ìkọ̀wé Kóòtù:
Ẹ̀gbọ́n, ìwé tí wọ́n máa ní kí ẹ fọwọ́ sí ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àṣírí ni ohun tí ẹ bá sọ nínú yàrá yẹn. Kí agbẹjọ́rò bá yín wò ó bóyá wọ́n fi ibì kan dí yín lẹ́nu lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ pé kí wọ́n pa ìlà yẹn rẹ́, kí wọ́n pín ìwé tuntun fún gbogbo òṣìṣẹ́, kí wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ògiri yàrá ìsinmi, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí yóò parí sí i.

Ẹ má lọ bí ẹni tó ń tọrọ. Owó ìtanràn tí àjọ lè bù fún ilé iṣẹ́ lè tó $125,000, ó sì lè dé $250,000 bí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àpò ìlú ló ń lọ, àmọ́ ilé iṣẹ́ yín ni yóò san án, agbẹjọ́rò wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín alẹ́ iṣẹ́ yín kù nítorí ẹ̀sùn yìí, òfin kọ̀ ọ́. Ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀.

Ọmọ Ìkẹjà:
Èmi ò fara mọ́ ọn o. Láti 1999 ni ìjọba Èkó ti dá ibùdó ìlàjà ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún ará ìlú, mo sì ti bá ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ lórí owó ilé. Ìyẹn dáa, torí onílé jẹ̀bi díẹ̀, àwa náà jẹ̀bi díẹ̀. Irun tó hù lórí yín, èwo lẹ̀bi yín níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ pín?

Ìyá Bronx:
Ọmọ Ìkẹjà, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára, ó sì jẹ́ kí n mọ ohun tí n ò ní gbà. Bí wọ́n bá ní kí n pín ẹ̀bi, màá dìde. Mo ti dá àjọ lóhùn pé mo gbà. Ìwé òfin ni màá kọ́kọ́ sọ, owó alẹ́ mẹ́ta ló kàn. Ọmọ Ghana yẹn ní òun fẹ́ tẹ̀ lé mi. Ẹni tó bá ti bá ẹlòmíì lọ rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n jẹ́ kí ẹ wọlé?